Gíráàmù Kan fún Lítà Kan

Funfun ni, ó kúnná lúbúlúbú bí ìyẹ̀fun láfún,
kò rùn, kò ta sánsán.
Inú ọ̀rá kékeré ni Bàbá Ṣówándé ń wọ̀n ọ́n sí
ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìtòkú,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike sódà tí àwọn aláró ń rà.
Bẹnsóéètì ló kọ sára rẹ̀. Ẹnu wa kò tètè mọ̀ ọ́n pè.

Látóún ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi lọ rà á
lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀ọ́ burúkú yẹn:
ọgọ́fà ike sobo, pupa fòò,
tó gbé dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Lafẹ́nwá.
Ọkọ̀ ò dé. Oòrùn dé.
Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìdérí ń fò, pó! pó!
ìfófòó ń ṣàn wá sí wa lẹ́sẹ̀,
gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń rùn bí ẹmu àná.
Kò sunkún. Ó jókòó sórí kúlà,
ó ń ka owó tí kò sí.

"Gíráàmù kan fún lítà kan," ni Baba wí.
Ta ló ní òṣùwọ̀n gíráàmù ní Ìtókò?
Ṣíbí tí a fi ń mu ẹ̀kọ la ní.
A bu ṣíbí mẹ́ta sí kẹ́ẹ̀gì kan,
ahọ́n wa ń ta wá títí di ọjọ́ kẹta.
Oníbàárà kan tu tirẹ̀ sínú gọ́tà,
ó ní, "Àbí ọṣẹ lẹ fi sè é ni?"

A padà lọ, àwa méjèèjì.
Baba bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún.
"Kì í ṣe apani," ó ní. "Ọwọ́ ló ń dì mú.
Èyí tó fẹ́ jẹ ṣúgà, tó fẹ́ máa hó,
èyí tó fẹ́ hu irun funfun lójú omi,
ó ń sọ fún wọn pé, ẹ dúró ná.
Kò sì lè dá a ṣe. Ibi tó bá kan ló ti lágbára.
Nínú wàrà, ọ̀lẹ ni.
Nínú omi lásán, àlejò tó kàn yòrò ni.
Ìṣápá ló ń jí i, ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń jí i.
Ẹ má wá bu fítámìn Sí mọ́ ọn kí ẹ gbé e sóòrùn o,
ohun tí wọ́n ń bí níbẹ̀ kò dára.
Èyí tó bá sì ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀,
ẹ dà á nù. Kì í jí òkú."

Ibi tó bá kan ló ti lágbára.
Mo ń gun òkè bọ̀ wálé, mo ń wo àwọn ilé tó fẹ̀yìn ti àpáta.
Àwọn tó kọ́kọ́ sá wá síbí, ṣebí ìpamọ́ ni wọ́n ń wá.
Bí ayé ò bá kan mọ́ wọn lẹ́nu,
ta ni ì bá sùn sábẹ́ òkúta?

Látóún ra òṣùwọ̀n lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan.
Bó bá ń wọ̀n ọ́n, a ó pa fáànù,
a ó di èémí mú.
Yóò fi bíírò kọ ọjọ́ sára ike kọ̀ọ̀kan,
ó tẹ̀ díẹ̀, bí ìkọ̀wé ọmọléèwé.

Ike kan ló kù. Ọjọ́ kejìlá oṣù Ẹ̀bìbì ló wà lára rẹ̀.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún la sin ín.
Iná ti lọ láti àárọ̀. Mo gbé e jáde nínú fíríìjì,
mo nu òógùn ara rẹ̀.
Kò hó. Kò hu irun. Ó ṣì pupa.
Ìkọ̀wé yẹn ló ń ṣá,
nọ́ńbà méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

Mo bi Bàbá Ṣówándé pé kí la lè bù sí ìyẹn.
Ó ń nu òṣùwọ̀n rẹ̀.
Ó ní kí n jókòó.